Ọba Tó Mú Iwin: Ẹ̀kọ́ Lórí Ìtàn Akọni àti Ẹ̀rù Tó Ju Òye Lọ

Láti ìgbà tí ẹgbẹ́ oníròyìn ti kéde pé a ń fẹ́ ìtàn àròsọ fún ara ògiri yìí ni ìtàn ti ń wọlé, inú wa sì dùn sí i. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ fún ara wa. Púpọ̀ nínú ìtàn náà ló jọra. Ọba kan wà ní ìlú òyìnbó, ó ń gbé ilé olókùúta gíga, ó ní idà tó ń tàn. Ẹranko abàmì kan sì jáde látinú òkun, ó fẹ́ pa ayé run. Ṣàkí kò ní òkun. Ìsẹ́yìn náà kò ní.

Kò burú kéèyàn ka ìtàn òyìnbó. Èmi náà ń kà á. Ohun tí mo fẹ́ sọ ni pé ohun tí a ń wá lọ sí Sókótó, inú ṣòkòtò wa ló wà. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ oríṣi ìtàn méjì tí ẹ ń lú pọ̀ yìí, ká tó wá wo bí a ṣe ní tiwa nílé.

ÌTÀN ARTHUR

Arthur jẹ́ ọba kan nínú ìtàn àwọn ará Britain. A kò lè fọwọ́ sọ̀yà pé ó gbé ayé rí. Geoffrey ti Monmouth kọ nípa rẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 1136. Nígbà tó di ọdún 1485, Caxton tẹ ìwé ńlá tí Thomas Malory kọ lórí rẹ̀ jáde. Arthur ní àwọn jagunjagun ẹlẹ́ṣin tí wọ́n ń jókòó yí tábìlì róbótó ká, kí ẹnikẹ́ni má bàa sọ pé òun ló wà lókè. Ọba a máa rán wọn níṣẹ́, wọ́n a sì wọ inú igbó lọ wá ohun mímọ́ kan, tàbí kí wọ́n lọ gba ẹni tó wà nínú ewu sílẹ̀.

Ẹ rántí nǹkan méjì. Èkíní, ohun tó ba ìjọba Arthur jẹ́ kò ti òde wá, inú ilé ló ti bẹ̀rẹ̀. Mordred, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ fúnra rẹ̀, ló dìde sí i. Èkejì, àwọn ènìyàn kò gbà pé ó kú. Wọ́n ní yóò padà wá.

Ṣé èyí ṣàjèjì sí wa ni? Àwa náà ní Ṣàngó, Aláàfin tí àwọn èèyàn rẹ̀ sọ pé kò so. Ọ̀yọ́ ní àádọ́rin Ẹ̀ṣọ́, jagunjagun tí ìtìjú ni fún wọn láti sá lójú ogun. Ọ̀yọ́ Mèsì méje sì ń jókòó pẹ̀lú ọba láti gbà á nímọ̀ràn, wọ́n sì lè ta kò ó. Ẹni tó bá mọ Ọ̀yọ́ ti mọ ìdajì ìtàn Arthur kó tó ṣí ìwé rẹ̀.

Ẹ̀RÙ TÓ JU ÒYE LỌ

Oríṣi ìtàn kejì ni èyí tí wọ́n fi orúkọ H. P. Lovecraft mọ̀ jù. Ará Amẹ́ríkà ni, wọ́n bí i ní ọdún 1890, ó kú ní ọdún 1937. Ìtàn rẹ̀ tó lókìkí jù, The Call of Cthulhu, jáde nínú ìwé ìròyìn kan ní ọdún 1928.

Ẹ̀rù inú ìtàn Lovecraft yàtọ̀ sí ẹ̀rù àǹjọ̀ọ̀nú tí a mọ̀. Àǹjọ̀ọ̀nú tiwa ní orúkọ, ó ní ohun tó fẹ́, a lè bẹ̀ ẹ́, a lè fún un ní ẹbọ, a sì lè fi ọgbọ́n tàn án. Ohun tó wà nínú ìtàn Lovecraft kò bínú sí wa, kò sì fẹ́ràn wa. Kò tilẹ̀ mọ̀ pé a wà. Bí ẹsẹ̀ wa ṣe ń tẹ ìjàlọ mọ́lẹ̀ lọ́nà oko láìmọ̀, bẹ́ẹ̀ gan-an ni. Ẹni tó bá sì rí i tán, ọgbọ́n orí rẹ̀ kì í lè gbé e. Ìdí nìyẹn tí mo fi pè é ní ẹ̀rù tó ju òye lọ.

BÍ WỌ́N ṢE Ń LÚ U PỌ̀

Akọni gbà pé ayé ní ètò: bí mo bá nígboyà, bí mo bá pa ìlérí mọ́, màá borí. Ẹ̀rù tó ju òye lọ sọ pé ayé ò mọ̀ ọ́, ìgboyà rẹ kò já mọ́ nǹkan kan. Nígbà tí òǹkọ̀wé bá fi àwọn méjèèjì sójú kan, ìjà tó wà níbẹ̀ kọjá ìjà idà. Ìgbàgbọ́ akọni náà gan-an ni wọ́n ń dán wò.

Wọ́n ti ń ṣe é tipẹ́. Ìtàn Gawain, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ogun Arthur, ti wà láti nǹkan bí ẹgbẹ̀ta ọdún ó lé. Ọkùnrin aláwọ̀ ewé kan gẹṣin wọlé ọba, ó ní kí ẹnì kan gé òun, kí òun náà wá gé e padà lọ́dún tó ń bọ̀. Gawain bẹ́ ẹ lórí. Ọkùnrin náà gbé orí rẹ̀ nílẹ̀, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Wọ́n fi ìtàn yìí ṣe fíìmù The Green Knight ní ọdún 2021, Dev Patel ló ṣe Gawain níbẹ̀. Kọ́míìkì kan sì wà tí Kieron Gillen bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2019, Once & Future. Níbẹ̀, Arthur padà lóòótọ́, ṣùgbọ́n òkú tó jí ni, ó sì ń pa èèyàn. Ẹ wo ìbéèrè tó wà lábẹ́ rẹ̀: bí ọba tí ẹ ń retí bá dé, tí kò mọ̀ yín ńkọ́?

FÁGÚNWÀ TI DÉ IBẸ̀

Ẹ̀yin tó ń ka Yorùbá fún WAEC, ẹ̀yin lẹ máa kọ́kọ́ rí i pé èyí kì í ṣe tuntun. Ọdún 1938 ni Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀ jáde. D. O. Fágúnwà tó kọ ọ́ kẹ́kọ̀ọ́ ní St. Andrew's, Ọ̀yọ́. Ọba rán Àkàrà-ògùn àti àwọn ògbójú ọdẹ ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ sí Òkè Láńgbòdó láti wá ohun tó máa ṣe ìlú láǹfààní. Àbí ẹ ò rí i? Ọba, àwọn akọni, iṣẹ́ tí wọ́n rán wọn, igbó tó kún fún ewu. Nínú igbó náà ni Àgbákò wà, olójú mẹ́rìndínlógún.

Ṣùgbọ́n Fágúnwà kò ṣe bíi Lovecraft. Bí ẹ̀rù ṣe pọ̀ tó nínú igbó rẹ̀, Olódùmarè ṣì wà lókè. Ẹ̀dá abàmì inú rẹ̀ ń sọ̀rọ̀, ó ń fọ́nnu, ó sì ń bú èèyàn bí ará àdúgbò. Akọni lè fún un lésì. Ìdí nìyí tí a fi máa ń rẹ́rìn-ín tí ẹ̀rù sì tún ń bà wá nínú ìwé kan náà.

ÌGBÒHO: ỌBA TÓ MÚ IWIN

Ẹ wá jẹ́ ká wá sílé gan-an. Ìgbòho kò jìnnà sí wa. Nígbà tí àwọn Tápà fogun lé Ọ̀yọ́-Ilé ní nǹkan bí ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta ọdún sẹ́yìn, Aláàfin àti àwọn èèyàn rẹ̀ sá kúrò, wọ́n sì wá fi Ìgbòho ṣe olú-ìlú. Abípa ló jọba gbẹ̀yìn níbẹ̀. Ó ní ó tó àkókò kí àwọn padà sílé. Ìtàn yìí wà nínú ìwé tí Samuel Johnson kọ lórí ìtàn Yorùbá, èyí tó parí ní ọdún 1897, tí wọ́n tẹ̀ jáde ní ọdún 1921 lẹ́yìn ikú rẹ̀.

Àwọn ìjòyè kò fẹ́ lọ. Wọ́n ti kọ́lé sí Ìgbòho, wọ́n ti dáko, ara ti rọ̀ wọ́n. Wọn ò sì lè sọ ọ́ lójú ọba. Nígbà tí ọba rán àwọn èèyàn lọ sí Ọ̀yọ́-Ilé láti lọ ṣètùtù, àwọn ìjòyè ti rán àwọn kan ṣáájú lábẹ́lẹ̀. Ilẹ̀ ṣú. Àwọn ìránṣẹ́ ọba rí iná tó ń rìn lórí òkè, wọ́n rí àwọn tí ara wọn kò rí bí ara èèyàn, wọ́n gbọ́ ohùn tó ń sọ pé kò sáyè fún wọn níbẹ̀. Wọ́n sá padà. Wọ́n ní iwin ti gba ìlú.

Ọba kò fi ìbẹ̀rù gba ọ̀rọ̀ yẹn. Ó yan ògbójú ọdẹ mẹ́fà, ó ní kí wọ́n lọ wò ó. Àwọn ọdẹ lọ, wọ́n ṣọ́ wọn, wọ́n sì mú àwọn "iwin" náà. Èèyàn ni wọ́n! Ọba fi wọ́n han àwọn ìjòyè, ojú sì ti gbogbo wọn. Bẹ́ẹ̀ ni Ọ̀yọ́ ṣe padà sí Ọ̀yọ́-Ilé, tí wọ́n sì ń pe Abípa ní Ọba Mọ́rọ̀, ọba tó mú ọ̀rọ̀, ìyẹn iwin. Ahoro Ọ̀yọ́-Ilé ṣì wà títí di òní nínú ọgbà ẹranko ìjọba àpapọ̀ tó ń jẹ́ Old Oyo National Park, tí ilẹ̀ rẹ̀ tó 2,512 kìlómítà níbùú lóròó.

TA NI ÀWỌN IWIN NÁÀ?

Ibí yìí ni kókó ẹ̀kọ́ mi wà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fò ó. Àwọn tí àwọn ìjòyè rán ni abuké, adẹ́tẹ̀, arọ àti àfín. Wọ́n mọ̀ pé bí èèyàn bá rí irú wọn lóru lórí òkè, kò ní wojú wọn lẹ́ẹ̀mejì kó tó sá. Bẹ́ẹ̀, Yorùbá kan náà ló ń pe àfín àti abuké ní ẹni òòṣà, tó sì ní ká má fi wọ́n ṣẹ̀sín. Àwọn alágbára ló nílò ẹ̀rù, wọ́n wá fi ara àwọn tí kò lágbára rán an.

Lovecraft náà ṣe irú rẹ̀. Ó kórìíra àwọn aláwọ̀ dúdú àti àwọn àjèjì, ìkórìíra yẹn sì wà nínú ìtàn rẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn ni The Horror at Red Hook. Ní ọdún 2016, Victor LaValle, aláwọ̀ dúdú ará Amẹ́ríkà, mú ìtàn yẹn gan-an, ó fi ojú aláwọ̀ dúdú tún un sọ nínú The Ballad of Black Tom. Kò da ẹ̀rù náà nù o. Ó kàn béèrè pé ta ni ẹ sọ di ẹ̀rù?

Mo bi àwa náà. Nínú àwọn ìtàn tó wọlé sọ́dọ̀ wa, àfín ni iwin, abuké ni àjẹ́, afọ́jú ni babaláwo burúkú. Ẹni tó jẹ́ àfín tó ń ka ògiri yìí, oòrùn Òkè-Ògùn ń jó o lára, kò rí bọ́ọ̀dù láti ẹ̀yìn kíláàsì, ó sì tún máa ka ìtàn tiwa kó rí ara rẹ̀ níbẹ̀ bí ohun tí wọ́n ń fi idà lé. Ṣé a ò wá ju àwọn ìjòyè Ìgbòho lọ báyìí?

BÍ A ṢE LÈ KỌ Ọ́

Kò túmọ̀ sí pé kí ìtàn wa má bani lẹ́rù mọ́. Ẹ jẹ́ kí n fi ìtàn Abípa ṣe àpẹẹrẹ, kí n wá fi àròsọ kún un. Ká ní àwọn ìjòyè jẹ́wọ́ pé ẹni mẹ́sàn-án làwọn rán. Àwọn ọdẹ sì mú mẹ́wàá wá. Wọ́n kà wọ́n, mẹ́wàá ni. Wọ́n tún wọn kà, mẹ́wàá náà ni. Àwọn mẹ́sàn-án ń sunkún, wọ́n ń bẹ ọba, ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ẹni tó mọ̀ ọ́n. Ẹnì kan dúró láàárín wọn tí kò sí àléébù kankan lára rẹ̀, tó dà bí ẹnikẹ́ni lọ́jà. Kò sí ìjòyè tó rán an. Kò sí ẹni tó lè rántí ìgbà tó darapọ̀ mọ́ wọn. Kò sì bẹ ọba.

Ṣé ẹ̀rù bà yín díẹ̀? Mi ò lo òkun, mi ò lo yìnyín, mi ò sì sọ aláàbọ̀ ara di ẹranko.

Nítorí náà, ẹ mú nǹkan mẹ́ta yìí lọ́wọ́ bí ẹ bá fẹ́ kọ̀wé:

1. Ẹ lo ilẹ̀ tí ẹ mọ̀. Adágún Ìyákẹ̀ wà lórí òkè ní Adó-Àwáyè. Àpáta yí Ṣàkí ká. Iná ìgbẹ́ ń jó lóru nígbà ọyẹ́. Ẹni tó bá kọ ohun tó ti fojú rí, ọ̀rọ̀ kì í wọ́n ọn.

2. Ẹ jẹ́ kí akọni yín ní ohun tó gbà gbọ́. Bí kò bá ní ìgbàgbọ́ kankan, kò sí ohun tí ẹ̀rù lè dán wò lára rẹ̀.

3. Kí ẹ tó sọ ẹnikẹ́ni di iwin, ẹ béèrè pé: ta ló rán an, ta ló sì máa jẹ èrè ẹ̀rù náà?

IṢẸ́ ÀṢETILÉWÁ

Kí ni ìyàtọ̀ láàárín Àgbákò àti ohun tó wà nínú ìtàn Lovecraft? Kí nìdí tí Abípa fi rán ọdẹ, tí kò rán ọmọ ogun? Ta ni ẹni kẹwàá?

Ẹni tó bá rí ìdáhùn sí ìbéèrè kẹta, kó kọ ọ́ sínú ojú ìwé méjì, kó mú un wá fún ẹgbẹ́ oníròyìn. A máa lẹ èyí tó dára jù síbi tí mo lẹ tèmi sí yìí.