Onígbèsè Lọ Àbíjàn: Ta Ni Olówó Yóò Bá Nílé?

Ọkọ̀ a máa gbéra ní Èjìgbò, a gba Kútọnu, Lomé àti Accra kọjá kó tó dé Àbíjàn. Ó ti lé ní àádọ́rin ọdún tí àwọn ará Èjìgbò àti agbègbè rẹ̀ ti ń lọ ṣòwò ní Côte d'Ivoire, débi pé èdè Faransé àti owó séfà kì í ṣe àjèjì nílùú wa. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń lọ ló máa ń yáwó kí wọ́n tó gbéra: owó ọkọ̀, owó ọjà, tàbí àjọ tí wọ́n ti kó ṣáájú tí wọn ò tíì dá tán. Ohun tí mo fẹ́ kí a yẹ̀ wò ni pé, bí onígbèsè bá ti kọjá bodè, ọrùn ta ni gbèsè náà wà?

Ìdáhùn àwọn baba wa le. Samuel Johnson, nínú ìwé The History of the Yorubas tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1921, ṣàlàyé iṣẹ́ ẹni tí wọ́n ń pè ní ológò. Bí olówó bá ti sin gbèsè títí tó rẹ̀ ẹ́, yóò lọ bá àwọn aláṣẹ ìlú kí wọ́n fún un ní ológò. Ológò á wá dógò ti onígbèsè: á wọ ilé rẹ̀ lọ, kò ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sinmi, àfi bí wọ́n bá sanwó. Ẹ wo ibi tí agbára rẹ̀ wà: kì í ṣe onígbèsè nìkan ló ń yọ lẹ́nu, gbogbo agboolé ni. Ìwọ̀fà náà kò yàtọ̀. Iṣẹ́ tí ọmọ tí wọ́n fi kówó ń ṣe lóko olówó, èlé lásán ni, kò dín ojú owó kù. Bí ẹni tó yáwó bá pẹ́ lájò, ọmọ ló ń pẹ́ lóko. (A ṣì ń sọ pé ẹnì kan fi fóònù rẹ̀ dógò, ológò ti lọ, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò lọ.)

Òfin òde òní já okùn yẹn. Abala 32 nínú Òfin Ọlọ́pàá ti 2020 sọ pé a kò gbọdọ̀ mú ènìyàn nítorí pé ó yẹ àdéhùn lásán. Abala 7 nínú òfin ìgbẹ́jọ́ ọ̀ràn ti 2015, èyí tí wọ́n ń pè ní ACJA, sì sọ pé a kò gbọdọ̀ mú ẹnì kan dípò ẹlòmíràn. Gbèsè yàtọ̀ sí jìbìtì o. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ gbèsè lásán ni, ẹni tó ní kí ọlọ́pàá lọ mú ìyá onígbèsè kò ní òfin lẹ́yìn. Onídùúró nìkan ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ yàtọ̀: òun ti fọwọ́ síwèé, ilé ẹjọ́ lè ní kó san.

Gbèsè báńkì ló tún ní ológò tuntun. Láti oṣù kẹjọ 2020 ni ètò CBN tí wọ́n ń pè ní GSI ti bẹ̀rẹ̀. Bí ẹni tó yáwó kò bá san, báńkì tó yá a lówó lè tipasẹ̀ BVN rẹ̀ fa owó nínú àkáǹtì tó ní ní báńkì mìíràn ní Nàìjíríà. GSI kò dé Àbíjàn, ṣùgbọ́n owó símẹ́ǹtì tí ẹ fi ránṣẹ́ sínú àkáǹtì ara yín nílé, ọwọ́ rẹ̀ tó o.

Èyí tí kò sí nínú òfin kankan ló ń dá ìjà sílẹ̀ jù lójú tèmi. Ká ní ẹnì kan yá 300,000 náírà ní ìbẹ̀rẹ̀ 2023, nígbà tí dọ́là kan jẹ́ nǹkan bí 460 náírà ní iye ìjọba. Nǹkan bí 390,000 séfà ni owó náà nígbà yẹn. Ní àárín 2024, tí dọ́là ti dé nǹkan bí 1,500 náírà, 120,000 séfà ti tó láti fi san án. Yúrò ni wọ́n so séfà mọ́, kò bá náírà ṣubú. Gbèsè fúyẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó wà ní Àbíjàn. Olówó tó wà ní Èjìgbò kò lè fi 300,000 yẹn ra ìdajì ọjà tó ń rà tẹ́lẹ̀. (Ó ti ṣẹlẹ̀ lódìkejì rí: ní oṣù kìn-ín-ní 1994, wọ́n gé iye séfà sí ìdajì lẹ́ẹ̀kan náà.)

Ẹni tó bá ka 300,000 náírà sílẹ̀ ti san gbèsè rẹ̀ lójú òfin. Lójú tèmi, kò tíì san án fún ìyá aláṣọ tó tajà fún un láwìn. Kí ó pè é lórí fóònù, kí ó bi í léèrè iye tó ń ra ìdì aṣọ kan báyìí, kí wọ́n jọ fi iye yẹn ṣírò ohun tí yóò máa fi ránṣẹ́ lóṣooṣù, kí ẹnì kan nínú ẹbí sì gbọ́ àdéhùn náà sétí.