Bí A Ṣe Ń Yọ Ohùn Jáde Kúrò Nínú Fídíò Àtijọ́

Ní ọ̀pọ̀lọpọ̀ ilé ní Ṣakí, ní Ìsẹ́yìn, ní Ìgbòho àti ní Òkèehò, bí a bá ṣí àpótí ìyá àgbà wò, a óò bá àwo fídíò mélòó kan níbẹ̀ tí a fi aṣọ dì: ti ìgbéyàwó, ti ìsìnkú, ti ìwúyè. Òmíràn wà nínú mẹ́mórì fóònù tí ó ti kú láti ìgbà pípẹ́. Ẹ̀rọ tí ó ń lu irú àwo bẹ́ẹ̀ ti bàjẹ́, kò sì pọ̀ lọ́jà mọ́ bí ti àtijọ́. Àwòrán inú rẹ̀ pàápàá ti ṣú. Ṣùgbọ́n ohun tí àwọn ọmọ ilé ń wá nínú rẹ̀ kì í sábà jẹ́ àwòrán. Ohùn ni wọ́n ń wá: ohùn bàbá tí ó ń súre fún ọmọ, ohùn ìyàwó tí ó ń sun rárà kí ó tó kúrò ní ilé bàbá rẹ̀, ohùn ọdẹ tí ó ń sun ìrèmọ̀jé níbi ìpà ọdẹ.

Ọ̀nà wà láti yọ ohùn nìkan jáde kúrò nínú irú fídíò bẹ́ẹ̀, kí a sì fi í pamọ́ sí ibi tí tọmọdé tàgbà yóò ti lè máa gbọ́ ọ. Iṣẹ́ náà kò le. Ọ̀pọ̀ ìkànnì orí íntánẹ́ẹ̀tì ni ó ń ṣe é lọ́fẹ̀ẹ́, ẹni tí ó bá sì lè fi fóònù fi àwòrán ránṣẹ́ sí ará ilé rẹ̀ ní Ìbàdàn lè ṣe é pẹ̀lú. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò bá mọ ohun tí ó wà nínú fáìlì tí ó fẹ́ yí padà lè ná owó dátà rẹ̀ dànù, ó sì lè gba ibẹ̀ kó àrùn bá kọ̀ǹpútà.

Fáìlì fídíò dà bí agbọ̀n tí a kó ohun méjì sí. Èkínní ni àwòrán, èyí tí í ṣe ọ̀pọ̀lọpọ̀ fọ́tò tí ń tẹ̀lé ara wọn kíákíá tí ojú fi ń rí wọn bí ohun tí ń rìn. Èkejì ni ohùn. Inú agbọ̀n kan náà ni méjèèjì wà, ṣùgbọ́n wọn kò lẹ̀ mọ́ ara wọn, a sì lè mú ọ̀kan kí a fi èkejì sílẹ̀. Orúkọ tí a ń rí ní ìparí fáìlì, bí AVI, MP4 tàbí 3GP, orúkọ agbọ̀n ni. Nítorí náà, bí ènìyàn bá pa 3GP rẹ́ tí ó sì kọ MP3 dípò rẹ̀, fáìlì náà kò tíì di MP3, gẹ́gẹ́ bí kíkọ "iyọ̀" sára agolo ṣúgà kò ti lè sọ ṣúgà di iyọ̀. Àfi kí ẹ̀rọ ṣí agbọ̀n náà, kí ó mú ohùn inú rẹ̀, kí ó sì tún un tò.

Irú àwọn agbọ̀n àtijọ́ tí ènìyàn sábà máa ń bá pàdé kò pọ̀. Àwo VCD ni àkọ́kọ́, tí a fi ìlànà rẹ̀ lélẹ̀ ní ọdún 1993, tí ó sì gbòde láàárín àwọn tí ń ta fíìmù Yorùbá àti àwọn tí ń ya fídíò òde nígbà tí kásẹ́ẹ̀tì ń kásẹ̀ nílẹ̀. Bí a bá fi irú àwo bẹ́ẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà, a óò rí àpò kan tí ń jẹ́ MPEGAV, nínú rẹ̀ ni a óò sì ti rí fáìlì tí ń jẹ́ AVSEQ01.DAT tàbí orúkọ tí ó jọ ọ́. Ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń rò pé DAT yìí kò ṣeé lò, wọ́n a sì dá àwo padà sínú àpótí. Fáìlì náà ṣeé lò dáadáa, fídíò gidi ni. Èkejì ni 3GP, tí ó dé pẹ̀lú fóònù oníkámẹ́rà lẹ́yìn tí GSM wọ Nàìjíríà ní ọdún 2001. A tún lè rí FLV, tí àwọn ìkànnì fídíò ń lò nígbà kan. Iléeṣẹ́ Adobe dáwọ́ àtìlẹ́yìn fún Flash dúró ní ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá ọdún 2020, ṣùgbọ́n ohùn inú FLV ṣì ṣeé yọ.

Ìdí tí ó fi yẹ kí a yọ ohùn náà sọ́tọ̀ hàn gbangba bí a bá wo bí fáìlì ti tóbi tó. Fídíò VCD wákàtí kan tó nǹkan bí mẹ́gábáìtì 600. Bí a bá yọ ohùn rẹ̀ sí MP3 ní kílóbíìtì 128 fún ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan, yóò di nǹkan bí mẹ́gábáìtì 58, èyí tí kò tó ìdámẹ́wàá ti tẹ́lẹ̀. Bí ó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ ẹnu tàbí rárà lásán, kílóbíìtì 64 tó o, mẹ́gábáìtì 29 ni yóò sì jẹ́. Mẹ́mórì kékeré onígígàbáìtì 2 lè gba irú rẹ̀ fún ohun tí ó lé ní ọgọ́ta wákàtí. Ahunṣọ ní Ìsẹ́yìn lè fi í sínú rédíò tí ń gba mẹ́mórì, kí ó máa gbọ́ rárà ìyá rẹ̀ bí ó ti ń hun òfì lọ, nítorí ojú rẹ̀ kò ráyè wo fídíò. Àgbẹ̀ tí oko rẹ̀ wà ní ibi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò dé lè gbọ́ ọ pẹ̀lú, lórí fóònù tọ́ọ̀ṣì tí ń gba mẹ́mórì.

Ohun mìíràn tún wà nínú ọ̀rọ̀ náà. Nígbà tí Adébóyè Babalọlá tẹ ìwé rẹ̀ lórí ìjálá jáde ní ọdún 1966, ó kó ọ̀rọ̀ ẹnu àwọn ọdẹ sórí ìwé kí ó má baà parun. Ṣùgbọ́n bí apohùn ti ń fa ohùn, ibi tí ó ti dákẹ́, bí àwọn tí ó yí i ká ti ń dá a lóhùn, kò sí bébà tí ó lè gbà á. Àwo fídíò àtijọ́ gbà á. Bí àwo náà bá yún tán tí kọ̀ǹpútà kò lè kà á mọ́, ohùn náà lọ nìyẹn.

Kí a tó bẹ̀rẹ̀, a óò kọ́kọ́ da fáìlì kọ sínú kọ̀ǹpútà, nítorí kò dára kí a máa fa àwo tí ó ti gbó lẹ́ẹ̀mẹ́wàá. Bí eruku bá wà lára àwo, aṣọ rírọ̀ ni a fi ń nù ún, láti àárín lọ sí etí ní gbọọrọ. Kì í ṣe ní yíyí po. Mẹ́mórì fóònù àtijọ́ ní tirẹ̀, a kò gbọ́dọ̀ kó nǹkan tuntun sí i títí a óò fi kó ti inú rẹ̀ jáde tán.

Lórí ìkànnì tí ń yí fáìlì padà, ìgbésẹ̀ mẹ́rin péré ni. A óò yan fáìlì tí ó wà nínú fóònù tàbí kọ̀ǹpútà. A óò yan irú èyí tí a fẹ́ kí ó dà, èyí tí í ṣe MP3. A óò tẹ ibi tí a kọ "Convert" sí. Lẹ́yìn náà a óò gba fáìlì tuntun náà wálẹ̀. MP3, tí àwọn onímọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ ìwádìí Fraunhofer ní Jámánì fún ní orúkọ yìí ní ọdún 1995, ni ó dára jù fún gbígbọ́, nítorí ó ṣòro láti rí rédíò mẹ́mórì tí kò lè kọ ọ́.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣe àṣìṣe ni ìdánwò láti sọ ohùn di dáradára nípa yíyan nọ́ńbà ńlá. Ohùn inú 3GP kéré púpọ̀. Ti àwọn fóònù àkọ́kọ́ kì í ju kílóbíìtì 12.2 lọ fún ìṣẹ́jú àáyá kan, nítorí pé fún ọ̀rọ̀ orí fóònù ni a ṣe é. Bí a bá yí i sí MP3 kílóbíìtì 320, fáìlì yóò tóbi, ohùn yóò sì wà bí ó ti wà. Omi ìkòkò kan tí a dà sínú àgbá kò di omi àgbá kan. Ní ìdàkejì ẹ̀wẹ̀, ìgbàkúùgbà tí a bá yí MP3 padà sí MP3 mìíràn, ohùn ń dín kù díẹ̀, nítorí pé MP3 ń kéré nípa sísọ díẹ̀ nínú ohùn nù. Àwọn tí ó máa ń da kásẹ́ẹ̀tì kọ láti ara kásẹ́ẹ̀tì láyé ọjọ́un mọ irú rẹ̀. Nítorí náà inú fídíò àkọ́kọ́ gan-an ni kí a ti máa yọ ọ́ nígbà gbogbo, kí a má sì ju fídíò náà nù lẹ́yìn tí a bá ti yọ ohùn rẹ̀ tán.

Fún fáìlì 3GP tí kò ju mẹ́gábáìtì mélòó kan lọ, ìkànnì orí íntánẹ́ẹ̀tì dára. Fún fídíò VCD onímẹ́gábáìtì 600, kò bọ́gbọ́n mu, nítorí gbogbo 600 náà ni a óò fi dátà gbé lọ kí a tó gba 58 bọ̀, ọ̀pọ̀ ìkànnì ọ̀fẹ́ kò sì ní gba ohun tí ó tóbi tó bẹ́ẹ̀. VLC ni kí a lò. Ètò kọ̀ǹpútà ọ̀fẹ́ ni, tí ó bẹ̀rẹ̀ láti ọwọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní ilẹ̀ Faransé. Bí a bá ti gbà á wálẹ̀ lẹ́ẹ̀kan láti ìkànnì VideoLAN tí ó ni ín, kò nílò íntánẹ́ẹ̀tì mọ́. A óò ṣí "Media", a óò yan "Convert / Save", a óò mú fáìlì DAT náà, a óò yan "Audio - MP3", a óò sì fún fáìlì tuntun ní orúkọ. Ẹni tí kò ní kọ̀ǹpútà tirẹ̀ lè gbé àwo lọ sí ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà ní ìlú, ṣùgbọ́n kí ó kọ́kọ́ béèrè bóyá kọ̀ǹpútà wọn ní ojú tí a ń ki àwo bọ̀, nítorí ọ̀pọ̀ tuntun kò ní in mọ́.

Ewu wà lórí àwọn ìkànnì wọ̀nyí. Ní oṣù Kẹta ọdún 2025, ẹ̀ka FBI, àwọn ọlọ́pàá ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ilẹ̀ Amẹ́ríkà, tí ó wà ní Denver kìlọ̀ pé àwọn oníjìbìtì ń dá ìkànnì ìyípadà fáìlì sílẹ̀ láti fi kó àrùn sínú kọ̀ǹpútà àti láti jí ọ̀rọ̀ aṣírí àwọn ènìyàn. Àmì rẹ̀ kò ṣòro láti mọ̀. Ohun tí a retí ni fáìlì tí ó parí sí MP3; bí èyí tí a rí gbà bá parí sí EXE tàbí APK, kí a má ṣe ṣí i, kí a pa á rẹ́. Ìkànnì tí ó bá béèrè ọ̀rọ̀ aṣínà, nọ́ńbà báǹkì tàbí NIN kí ó tó yọ ohùn jáde, olè ni.

Kí a rántí pẹ̀lú pé fáìlì tí a gbé lọ sórí ìkànnì ti wọ kọ̀ǹpútà ẹlòmíràn, bóyá ní òkè òkun. Ìpàdé ẹbí níbi tí a ti pín ogún, àdúrà lórí aláìsàn, ètùtù tí kì í ṣe ti gbogbo ojú, VLC nínú ilé ni ó yẹ wọ́n. Òfin Ìdáàbòbò Dátà ti Nàìjíríà ti ọdún 2023 fún olúkúlùkù ní ẹ̀tọ́ lórí ọ̀rọ̀ tí ó jẹ mọ́ ọn, Òfin Ẹ̀tọ́ Oníṣẹ́-ọpọlọ ti ọdún 2022 sì dá ẹ̀tọ́ apohùn mọ̀ lórí ohùn rẹ̀. Gbígbọ́ rárà nínú ilé kì í ṣe ẹjọ́. Títà á, tàbí fífi í síta fún gbogbo ayé láìgba àṣẹ lẹ́nu ẹni tí ó sun ún tàbí àwọn ọmọ rẹ̀, ọ̀rọ̀ mìíràn nìyẹn.

Nígbà tí iṣẹ́ bá parí, fáìlì tí ń jẹ́ AVSEQ01 kò wúlò fún ẹni tí yóò gbọ́ ọ ní ogún ọdún sí i. Kí a kọ orúkọ ẹni tí ó ń sun rárà, ìlú rẹ̀, ayẹyẹ náà àti ọdún rẹ̀ sí i lórí, kí ẹni tí ó dàgbà jù nínú ilé sì jókòó gbọ́ ọ kí ó lè sọ ohùn ta ni èyí jẹ́, nítorí àwọn tí ó lè sọ ọ́ ń dín kù. Ẹ̀dà kan lè wà nínú fóònù ọmọ tí ó wà ní ìlú, kí èkejì wà lórí mẹ́mórì tí a fi sínú ọ̀rá, níbi tí oòrùn àti ọ̀rinrin kò dé. Lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, kí a fi mẹ́mórì náà sínú rédíò wò bóyá ó ṣì ń sọ̀rọ̀.