Bí Aláìsàn Bá Ní Èémí Òun Ò Délẹ̀

Ẹ̀yin ọmọ mi tí ẹ ń tọ́jú aláìsàn ní Festac, Mile 2, Kirikiri àti káàkiri Amuwo-Odofin, ẹ tẹ́tí sí mi. Bí ẹnì kan bá wọlé tọ̀ yín wá, tó gbá àyà mú, tó ní èémí òun ò délẹ̀, ẹ má fi ẹ̀rọ há a níka, kí ẹ rí 98, kí ẹ wá ní kò sóhun tó ń ṣe é. Ọ́síjìn inú ẹ̀jẹ̀ ni ẹ̀rọ yẹn ń kà. Kò lè ka ìnira.

Ìdí ọpọlọ, níbi tí a ń pè ní medulla, ni àṣẹ mímí ti ń wá. Àwọn sẹ́ẹ̀lì kéréje kan wà níbẹ̀ tí kì í sinmi tọ̀sán-tòru. Ní 1991 ni Jeffrey Smith, Jack Feldman àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn fi hàn pé àwọn ló ń lu ìlù tí èémí ń tẹ̀ lé. Àṣẹ náà á gba inú ọ̀pá ẹ̀yìn sọ̀ kalẹ̀, á yà lọ́rùn, á sì bá iṣan phrenic lọ sí ẹran pẹlẹbẹ tó pààlà àyà àti ikùn. Nítorí náà, ẹni tí ọkọ̀ bá ṣe léṣe ní títì Badagry, ẹ di ọrùn rẹ̀ mú kó má yẹ̀, kí ẹ tó gbé e.

Àwọn tó ń ta ọpọlọ lólobó ńkọ́? Carotid body wà lọ́rùn, ó ń ṣọ́ ọ́síjìn; iṣẹ́ lórí rẹ̀ ni Corneille Heymans ará Belgium fi gba ẹ̀bùn Nobel 1938. Àwọn mìíràn wà nínú ọpọlọ fúnra rẹ̀, kábọ́ọ̀nù dayọ́sáídì ni wọ́n ń ṣọ́, òun gan-an ló sì ń lé wa mí jù lọ. Ẹ̀dọ̀fóró pẹ̀lú ń fi iṣan vagus ránṣẹ́ padà. Bí ọpọlọ bá pàṣẹ púpọ̀, tí afẹ́fẹ́ tó wọlé kò sì tó ohun tó pa láṣẹ, ara á bẹ̀rẹ̀ sí í ni ènìyàn. Ẹ̀rù á wá dá kún un. Ìdí nìyí tí oníkọ́ ife (asthma) fi lè máa jìyà kí ọ́síjìn rẹ̀ tó wálẹ̀ rárá. Ẹ rántí pẹ̀lú pé ní 2020, Michael Sjoding àti ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Michigan rí i pé ọ́síjìn tó ti lọ sílẹ̀ máa ń sá mọ́ ẹ̀rọ ìka lójú lára aláwọ̀ dúdú ní nǹkan bí ìlọ́po mẹ́ta ti aláwọ̀ funfun. Àwa ni wọ́n ń wí.

Ẹ béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ aláìsàn. Ilé alájà ni wọ́n kọ́ sí Festac fún àwọn àlejò àjọ̀dún àṣà ti 1977, ọ̀pọ̀ ló ṣì ń gun àtẹ̀gùn wọn lójoojúmọ́: àjà wo ló ti ń dúró mí báyìí, ibo ló ń dúró sí lọ́dún tó kọjá? Ẹ ka èémí rẹ̀ fún ìṣẹ́jú kan gbáko, ẹ má ka ààbọ̀ kí ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po méjì. Ọmọ oṣù méjì sí ọdún kan tó bá mí tó 50, tàbí ọmọ ọdún kan sí márùn-ún tó mí tó 40, kì í ṣe ẹni tí à ń dá padà sílé láìyẹ̀ ẹ́ wò dáadáa. Ẹ gbé àgbàlagbà jókòó, ẹ fẹ́ abẹ̀bẹ̀ sí i lójú. Atẹ́gùn tútù tó bá fẹ́ sí ojú àti imú máa ń dín ìnira náà kù lórí ọpọlọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò ní kí ẹ má wá ohun tó fà á.

Ẹni tí kò ráhùn ló ń bà mí lẹ́rù jù. Codeine, tí ìjọba àpapọ̀ fòfin de omi ikọ́ rẹ̀ ní oṣù Karùn-ún 2018, àti tramadol tí àwọn ọ̀dọ́ ń gbé mì, àṣẹ mímí gan-an ni wọ́n ń pa lẹ́nu mọ́. Èémí á máa dín, aláìsàn kò ní mọ̀ ọ́n lára, àwọn ẹbí á ní oorun ló ń sùn. Ẹ wo ẹyin ojú rẹ̀. Bó bá ti sún kì di kíún, ẹ bá a mí, ẹ wá naloxone.

Èéfín jẹnẹrétọ̀ burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kábọ́ọ̀nù mọnọ́sáídì á gba àyè ọ́síjìn nínú ẹ̀jẹ̀, ṣùgbọ́n kò ní kan èyí tí carotid body ń ṣọ́, bẹ́ẹ̀ ni kábọ́ọ̀nù dayọ́sáídì kò ní pọ̀ sí i. Kò sẹ́ni tó máa figbe ta. Ẹ̀rọ ìka pàápàá á pè é ní ọ́síjìn. Bí orí bá ń fọ́ gbogbo ará ilé kan láàárọ̀ ọjọ́ kan náà, tí òòyì ń kọ́ wọn, tí wọ́n ń bì, ẹ má sáré pè é ní ibà. Ẹ béèrè ibi tí jẹnẹrétọ̀ sùn, kí ẹ sì fún wọn ní ọ́síjìn tó pọ̀ kíákíá. Mo bẹ̀ yín, gbogbo ìdílé tí ẹ bá tọ́jú, ohun yòówù kó gbé wọn wá, ẹ má jẹ́ kí wọ́n lọ láìsọ fún wọn pé jẹnẹrétọ̀ kò gbọdọ̀ ṣiṣẹ́ nínú ilé, ní bàkónì tàbí lábẹ́ fèrèsé.