Dúpẹ́ Kí O Tó Wọ Bàálù

Ọmọ mi, o kú oríire. Ìdánwò nọ́ọ̀sì ti bọ́ lọ́rùn rẹ. Àmọ́ má tíì sáré lọ ran aṣọ òde; kọ́kọ́ dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn tó ràn ọ́ lọ́wọ́.

Òbí àti olùkọ́ kò ṣòro láti rántí. Màmá àgbà tó na apá sílẹ̀ fún ọ ńkọ́, tí wọ́n ní kí o tún gún àwọn lábẹ́rẹ́ nígbà tí o kò rí iṣan? Ara wọn lo fi kọ́ṣẹ́. Bí ẹ bá pàdé, kúnlẹ̀ kí wọn dáadáa. Nọ́ọ̀sì àgbà tó ń jágbe mọ́ ọ lóru ní wọ́ọ̀dù ńkọ́? Èmi ò fara mọ́ ariwo yẹn o, ṣùgbọ́n àwọn ló jẹ́ kí o máa yẹ orúkọ aláìsàn wò lẹ́ẹ̀mejì kí o tó fún un lóògùn. Má fi àtẹ̀jíṣẹ́ dúpẹ́. Yọjú sí wọn.

Ní ti ìrìnàjò òkè òkun, ìyá wa Kòfowórọlá Pratt kọ́ṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní ilé ìwòsàn St Thomas' ní Lọ́ńdọ̀nù, wọ́n padà wálé, wọ́n sì di mátírọ́ọ̀nù àkọ́kọ́ tó jẹ́ ọmọ Nàìjíríà ní ilé ìwòsàn UCH Ìbàdàn. Bí Lọ́ńdọ̀nù bá ń pe ìwọ náà, n kò dá ọ dúró. Ṣáà kọ́kọ́ bá ìyá rẹ san owó alájẹṣẹ́kù tí wọ́n yá fi rán ọ níwèé.