Bí A Ṣe Ń Yan Sípánà Tọ́ọ̀kì, àti Bí A Ṣe Ń Tọ́jú Rẹ̀

Ní ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì, ọwọ́ ọ̀gá ni òṣùwọ̀n. Ṣùgbọ́n ọwọ́ tó yí nọ́ọ̀tì le láàárọ̀ kì í ní agbára kan náà lẹ́yìn iṣẹ́ ọ̀sán. Bóòtù sì nílò ìwọ̀n tó péye: bí a ṣe ń yí i le, ó ń nà díẹ̀, nínà yẹn ló sì ń di irin méjì mọ́ra. Bí kò bá nà tó, yóò tú lójú ọ̀nà. Bí ó bá nà jù, á já, tàbí kí tẹ́rẹ́ẹ̀dì rẹ̀ jẹ. Àṣejù, baba àṣetẹ́. Iṣẹ́ sípánà tọ́ọ̀kì ni láti jẹ́ ká mọ ibi tó yẹ ká dúró.

Kí ẹ tó rà á

Ẹ kọ́kọ́ wo iṣẹ́ tí ẹ fẹ́ fi ṣe. Nọ́ọ̀tì táyà ọ̀pọ̀ Toyota Corolla àti Camry ń fẹ́ 103 Nm (òṣùwọ̀n agbára ìyí ni Nm). Púlọ́ọ̀gì ọ̀pọ̀ ọkọ̀ kéékèèké wà láàárín 15 sí 30 Nm. Sípánà kan ṣoṣo kì í sábà ṣe méjèèjì dáadáa, torí pé ìsàlẹ̀ òṣùwọ̀n kì í ṣeé gbára lé. Èyí tó bá dé 200 Nm, ẹ má fi yí ohun tí kò tó 40. Fún táyà, ẹ ra onímú ìdajì ínṣì. Fún púlọ́ọ̀gì, onímú ínṣì 3/8.

Oríṣi mẹ́ta ló wọ́pọ̀. Èyí tó ní ọ̀pá atọ́ka kò wọ́n, kò sì ní sípíríǹgì tó lè rọ̀, àmọ́ iwájú rẹ̀ gan-an ni ojú gbọ́dọ̀ wà kí ẹ tó ka nọ́ńbà. Èyí tó ń dún "kọ́" ló yá jù lẹ́nu iṣẹ́. Oníbátìrì péye, ṣùgbọ́n owó rẹ̀ ga.

Ẹ wò ó bóyá Nm ni wọ́n kọ sí i lára tàbí ft-lb. Ẹni tó bá yí 103 sójú ft-lb ti fi nǹkan bí 140 Nm fún nọ́ọ̀tì náà. Bó bá jẹ́ tòkunbọ̀ ni, ẹ yí ọwọ́ rẹ̀ láti ìsàlẹ̀ dé òkè: kò gbọdọ̀ há, kò sì gbọdọ̀ ní àpá páìpù tí wọ́n ti kì bọ̀ ọ́ rí.

Bí a ṣe ń lò ó

Ẹ nu tẹ́rẹ́ẹ̀dì mọ́, ẹ má sì fi ọ́ìlì sí i àfi bí ìwé ọkọ̀ bá sọ bẹ́ẹ̀. Èyí tó pọ̀ jù nínú agbára tí ẹ ń lò ló ń bá bí irin ṣe ń gbo irin lọ. Ọ́ìlì á jẹ́ kí bóòtù nà jù kí sípánà tó dún. Ẹ fi sípánà lásán mú nọ́ọ̀tì le díẹ̀, ẹ máa fo láti ẹ̀gbẹ́ kan sí ìkejì, kí ẹ tó fi tọ́ọ̀kì parí rẹ̀. Ẹ di ibi ìdìmú rẹ̀ mú, ẹ fà á jẹ́jẹ́. Bó bá ti dún, ẹ dúró. Ẹ má dún un lẹ́ẹ̀kejì. Fún táyà, ẹ tún un yẹ̀ wò lẹ́yìn bíi kìlómítà 100.

Ìtọ́jú

Ẹ má fi tú nọ́ọ̀tì láé. Bí iṣẹ́ bá parí, ẹ yí èyí tó ń dún "kọ́" padà sí nọ́ńbà tó kéré jù lára rẹ̀, kí sípíríǹgì lè sinmi, ṣùgbọ́n ẹ má kọjá ibẹ̀. Ẹ fi aṣọ nù ún. Ẹ má rì í sínú pẹtiróòlù, nítorí gírísì inú rẹ̀ á ṣàn lọ. Inú àpótí tirẹ̀ ni kó máa gbé, kì í ṣe àárín hámà.

Ó yẹ kí a yẹ̀ ẹ́ wò lọ́dọọdún, tàbí lẹ́yìn 5,000 ìgbà tó bá ti dún, tàbí nígbàkígbà tó bá já bọ́. Ọ̀nà kan nílé ni láti fi fáìsì di imú rẹ̀ mú, kí ọwọ́ rẹ̀ nà gbalaja, kí ẹ wá fi pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ so àpò ìrẹsì ẹlẹ́kíló 25 kọ́ sí 40 sẹ̀ǹtímítà sí imú náà. Ìwọ̀n yẹn sún mọ́ 98 Nm. Bí ẹ bá gbé nọ́ńbà sípánà sí 90, ó yẹ kó dún. Bí ẹ bá gbé e sí 110, kò yẹ kó dún. Èyí tó bá kùnà, ẹ gbé e fún àwọn tó ń tún irú rẹ̀ wọ̀n. Ẹ má sọ pé ẹ ó máa fi 10 kún un lórí, torí àṣìṣe tó ṣe ní 98 lè má jẹ́ èyí tó máa ṣe ní 150.