Ẹ Kọ Àdéhùn Kí Ẹ Tó Kọ Kóòdù

Ẹ̀yin ọmọ mi tí ẹ ń ṣiṣẹ́ sọ́fúwíà ní Douala,

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo dé ọ́fíìsì kan ní Akwa. Ọmọkùnrin kan ti so sọ́fúwíà ilé ìkẹ́rùsí mọ́ ti ìsanwó láàárín ọjọ́ méjì, gbogbo ilé sì ń pàtẹ́wọ́ fún un. Mo ní kó fi àdéhùn tó wà láàárín méjèèjì hàn mí. Kò sí. Inú database ìsanwó ló wọ̀ lọ tààrà, tó ń bu ohun tó wù ú. Inú bí mi. Ẹnu ọ̀nà aládùúgbò la ti ń ké àgò. A kì í dá ògiri rẹ̀ lu. Lọ́jọ́ tí àwọn tó ni database bá yí orúkọ kọ́lọ́ọ̀mù kan padà, ẹrù ò ní jáde nílé ìkẹ́rùsí ní Bonabéri, kò sì ní sẹ́ni tó mọ ìdí rẹ̀.

Ẹ mọ SOAP, ẹ mọ REST, ọ̀nà méjì tí sọ́fúwíà fi ń bára wọn sọ̀rọ̀. Ọdún 2000 kan náà ni SOAP 1.1 jáde, tí Roy Fielding sì ṣàlàyé REST nínú ìwé ìwádìí oyè ọ̀mọ̀wé rẹ̀. Èyí tó bá wù yín ni kí ẹ mú. Ìbéèrè tèmi ni pé, àdéhùn dà? Ẹ báà kọ ọ́ ní WSDL, ẹ báà kọ ọ́ ní OpenAPI, kí tọ̀túntòsì fọwọ́ sí i kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kan kóòdù.

Nígbà tí mo ń kọ́ṣẹ́ níbí, tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Ìbàdàn dé, ọkàn mi ṣì ń ka kọ́bọ̀. Mo kọ service ìsanwó, mo sọ owó di ìdá ọgọ́rùn-ún kí n tó fi ránṣẹ́. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, nínú ìlànà ISO 4217, náírà ní nọ́ńbà méjì lẹ́yìn àmì dẹ́símà, XAF, fránkì CFA tiwa, kò ní rárá. Oníbàárà tó jẹ 5000 fránkì, 500000 ni wọ́n kà sí i lọ́rùn. Ọ̀gá mi kò pariwo. Ó ní, "Níbo lo kọ ọ́ sí pé ìdá ọgọ́rùn-ún ni?" N kò rí èsì fọ̀. Ó gba kọ̀ǹpútà lọ́wọ́ mi, ó fún mi ní bébà fún ọjọ́ mẹ́ta. Ọ̀gá náà ti sùn. Ohùn rẹ̀ ò tíì kúrò létí mi.

Àbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí. Kọ̀ǹpútà kì í ṣe ọmọlúàbí: àbọ̀ tí ẹ bá sọ fún un kò ní di odidi nínú rẹ̀ láéláé. Bí íntánẹ́ẹ̀tì bá já lẹ́yìn tí ẹ béèrè owó lórí fóònù oníbàárà ńkọ́? Ẹ tún un béèrè, ó san lẹ́ẹ̀mejì. Kí àdéhùn yín fún ìbéèrè kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà tirẹ̀. Ẹni tó bá tún rí nọ́ńbà kan náà, kó dá èsì àkọ́kọ́ padà, kó má gbowó mìíràn.

Ẹ wo kọ́sítọ́ọ̀mù èbúté wa: ní 2020, sọ́fúwíà CAMCIS gba ipò SYDONIA tí wọ́n ń lò tẹ́lẹ̀. Nígbà tí irú sọ́fúwíà ńlá bẹ́ẹ̀ bá kógbá wọlé, ẹni tó bá a dá àdéhùn, ilẹ̀kùn kan ni yóò tún ṣe. Ẹni tó dá ògiri lu, ilé ni yóò tún kọ́.

Mo ti ní kí ọmọkùnrin Akwa náà wá bá mi lọ́jọ́ Sátidé. Mo ní kó fi kọ̀ǹpútà rẹ̀ sílé. Bébà wà lọ́wọ́ mi.