Ilé, Iṣẹ́ àti Orúkọ: Àgbéyẹ̀wò Ìyípadà tó Dé Bá Broad Street ní Ìlú Èkó

Àṣamọ̀

Iṣẹ́ yìí ṣe àgbéyẹ̀wò ìyípadà tó ti dé bá àwọn ilé àti iṣẹ́ ajé tó wà ní Broad Street àti àyíká rẹ̀ ní Èkó, láti àárín ọ̀rúndún kọkàndínlógún títí di òní. Ohun tí a rí ni pé òfin nìkan kò tó láti dá ilé àtijọ́ sí. Iṣẹ́ tí ilé ń ṣe fún àwọn ènìyàn ló ń mú un dúró. A tún fi hàn pé bí ilé bá ti lọ, orúkọ a máa ṣẹ́kù, àti pé ojúṣe olùkọ́ èdè Yorùbá ni láti kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ bí a ṣe ń ka irú orúkọ bẹ́ẹ̀ kí ó tó parẹ́.

1.0 Ìfáàrà

Àwọn Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Ìdílé ni a sábà máa ń rò nígbà tí a bá ń pa òwe yìí. Ṣùgbọ́n bí a bá yí i padà, òtítọ́ mìíràn tún wà níbẹ̀: orúkọ náà ṣe é wò kí a tó mọ ilé. Ọ̀pọ̀ òpópónà ló wà ní ìlú wa tó jẹ́ pé orúkọ nìkan ló kù tí a fi lè mọ ohun tó ti wà níbẹ̀ rí.

Broad Street ni a yàn fún àgbéyẹ̀wò yìí. Òpópónà náà wà ní erékùṣù Èkó, ó sì bá Marina rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Ìdí tí a fi yàn án ni pé láàárín ìrìn àwọn ìṣẹ́jú díẹ̀, ènìyàn lè rí ibi tí ilé ìwé, ọgbà ẹ̀wọ̀n, ilé ìfowópamọ́, mọ́ṣáláṣí àti ọjà ti ń gba ilẹ̀ lọ́wọ́ ara wọn fún ohun tó lé ní àádọ́jọ ọdún. Ìbéèrè tí a fẹ́ dáhùn ni èyí: kí ló ń mú kí ilé kan dúró, tí òmíràn fi ń wó?

2.0 Bí Òpópónà Náà Ṣe Bẹ̀rẹ̀

Ní oṣù Kejìlá ọdún 1851, àwọn ọmọ ogun ojú omi ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì yin ìbọn ńlá lu Èkó. Ní ọjọ́ kẹfà oṣù Kẹjọ ọdún 1861, Ọba Dòsùnmú fi ọwọ́ sí ìwé tó sọ ìlú náà di ti ìjọba Gẹ̀ẹ́sì. Láàárín ọdún mẹ́wàá yìí àti èyí tó tẹ̀ lé e ni etí ọ̀sà náà bẹ̀rẹ̀ sí í yípadà. Àwọn oníṣòwò láti Jámánì, Faransé àti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kọ́ ilé ìkẹ́rùsí sí ibi tí ọkọ̀ lè gúnlẹ̀ sí. Epo pupa, èkùrọ́ àti òwú ni wọ́n ń rà.

Àwọn ẹgbẹ́ méjì mìíràn náà dé. Àwọn Sàró wá láti Sierra Leone, wọ́n mú ìwé kíkà àti iṣẹ́ akọ̀wé dání. Àwọn Àgùdà padà wá láti Brazil àti Cuba, wọ́n sì mú iṣẹ́ bíríkìlà àti iṣẹ́ káfíńtà dání. Ọwọ́ àwọn wọ̀nyí ni ọ̀pọ̀ ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àkọ́kọ́ ní Èkó ti jáde, pẹ̀lú fèrèsé olórí róbótó àti ọ̀ṣọ́ ara ògiri tí a fi ń dá wọn mọ̀. Orúkọ Pópó Àgùdà ṣì ń jẹ́rìí sí ibi tí wọ́n tẹ̀dó sí.

3.0 Láti Ilé Òwú sí Ilé Ìwé, Láti Ilé Ìwé sí Ilé Ajé

Ní ọjọ́ kẹfà oṣù Kẹfà ọdún 1859, CMS Grammar School bẹ̀rẹ̀ ní Broad Street pẹ̀lú akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́fà péré. Thomas Babington Macaulay, bàbá Herbert Macaulay, ni ọ̀gá àkọ́kọ́. Ilé tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n ń pè ní Cotton House. Òwú ni orúkọ náà ń tọ́ka sí, èyí sì fi yé wa pé ọjà ti wà nínú orúkọ ilé náà kí ìwé tó wọ inú rẹ̀. Ní òpópónà kan náà ni Baptist Academy àti Methodist Boys' High School ti gbérasọ. Fún ìgbà pípẹ́, ohùn ọmọ ilé ìwé jẹ́ ọ̀kan lára ohun tí a fi ń mọ Broad Street.

Bí ilẹ̀ ṣe ń wọ́n sí i ni àwọn ilé ìwé wọ̀nyí ń kó lọ. Grammar School lọ sí Bàrígà ní 1959. Baptist Academy lọ sí Ọbáníkòró. Methodist Boys' High School lọ sí Victoria Island. Ohun tó ṣẹ́kù fún ìwé ní àdúgbò náà ni ilé ìtàwé. Ilé ìtàwé CMS, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1869, ti ta ìwé Yorùbá fún ìran púpọ̀. Ní 1973, ilé gogoro tí wọ́n ń pè ní Bookshop House parí ní ìkángun Broad Street àti Odunlami Street. Ilé yìí yẹ ní àkíyèsí: ìwé ló bí orúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n ọ́fíìsì ló gba èyí tó pọ̀ jù lọ nínú àjà rẹ̀.

4.0 Ìgbà Ilé Ìfowópamọ́

Ní 1894, Bank of British West Africa bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Èkó. Òun ni a mọ̀ lónìí sí First Bank. Ní ọjọ́ kìíní oṣù Keje ọdún 1959, báńkì àpapọ̀ orílẹ̀-èdè yìí bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ilé rẹ̀ sì wà ní Ìta Tinúubú, níbi tí Broad Street ti gba kọjá. Kò yẹ kí a gbójú fo ibi tí ilé náà wà. Ẹfúnróyè Tinúubú tí a fi sọ ibẹ̀ lórúkọ jẹ́ oníṣòwò ńlá. Wọ́n lé e kúrò ní Èkó ní 1856, Abẹ́òkúta ló sì kú sí ní 1887. Wọ́n lé obìnrin náà lọ, ṣùgbọ́n orúkọ rẹ̀ kò kúrò níbẹ̀, ó sì ṣe ohun ìwúrí pé orúkọ ìyá ọlọ́jà ni ilé tó ń ṣọ́ owó orílẹ̀-èdè fi ṣe àdírẹ́sì.

Láti ìgbà òmìnira ní 1960 títí di ìgbà tí owó epo rọ̀bì pọ̀ ní ẹ̀wádún 1970, ilé gogoro ń yọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Èyí tó ga jù lọ, tí ó parí ní 1979, ní àjà 32; Marina ló wà, NECOM House sì ni a ń pè é lónìí. Ní ẹ̀wádún 1970 yìí kan náà ni wọ́n fi iyanrìn dí etí omi láti la ọ̀nà tuntun, tí Marina kò sì jẹ́ bèbè ọ̀sà gan-an mọ́.

Ìgbà náà ní òpin tirẹ̀. Ní ọjọ́ kejìlá oṣù Kejìlá ọdún 1991, olú-ìlú Nàìjíríà kúrò ní Èkó lọ sí Àbújá. Ọ̀pọ̀ ọ́fíìsì ìjọba tẹ̀ lé e. Àwọn ilé ìfowópamọ́ púpọ̀ náà sì gbé olú ilé iṣẹ́ wọn lọ sí Victoria Island. Kingsway Stores, ilé ìtajà ńlá tó ṣí ilé tuntun rẹ̀ ní Marina ní 1948, kógbá sílé. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ kò ṣófo. Ọjà Balógun ló gbòòrò wọ inú àlàfo náà: alásọ, oníbàtà àti oníbàágì gba ìsàlẹ̀ ilé tí akọ̀wé ti ń jókòó tẹ́lẹ̀. Ní 2023, ọkọ̀ ojú irin tuntun tún bẹ̀rẹ̀ sí í kó èrò láti Marina. Iṣẹ́ kan lọ, iṣẹ́ mìíràn dé.

5.0 Ilé Mẹ́ta àti Ohun tó Gbẹ̀yìn Wọn

Láti dáhùn ìbéèrè tí a bi ní ìfáàrà, ẹ jẹ́ kí a fi ilé mẹ́ta wé ara wọn.

Àkọ́kọ́ ni Mọ́ṣáláṣí Shitta-Bey ní Martins Street, lẹ́bàá Broad Street. Wọ́n ṣí i ní ọjọ́ kẹrin oṣù Keje ọdún 1894. Oníṣẹ́ ọwọ́ Àgùdà, João Baptista da Costa, ló ya àwòrán rẹ̀. Láti ìgbà náà, ìrun ni wọ́n ń kí níbẹ̀. Iṣẹ́ tí wọ́n tìtorí rẹ̀ kọ́ ọ ló ṣì ń ṣe. Òun ló dúró jù lọ nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Èkejì ni ọgbà ẹ̀wọ̀n Broad Street. Ní 1885, wọ́n fi bíríkì tí wọ́n kó wá láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tún un kọ́. Herbert Macaulay àti Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ wà lára àwọn tí wọ́n tì mọ́ ibẹ̀. Ní 1979, wọ́n wó o. Ilẹ̀ náà sì di ahoro fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ní 2010, nígbà tí Nàìjíríà pé àádọ́ta ọdún tó gba òmìnira, wọ́n ṣí i gẹ́gẹ́ bí Freedom Park. Ibi tí igi ìyẹgi wà tẹ́lẹ̀ ni pèpéle eré wà nísinsìnyí. Ilé náà ti wó, ṣùgbọ́n iṣẹ́ tuntun ti jẹ́ kí ìtàn rẹ̀ ní ibùgbé.

Ẹ̀kẹta ni Ìlójo Bar ní Ìta Tinúubú. Ìdílé Fernandez ló kọ́ ọ ní 1855, ní irú ọnà àwọn Àgùdà. Ní 1956, ìjọba kéde rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ohun ìrántí orílẹ̀-èdè. Òfin dáàbò bò ó fún ọgọ́ta ọdún gbáko. Síbẹ̀, ní ọjọ́ kọkànlá oṣù Kẹsàn-án ọdún 2016, wọ́n wó o palẹ̀. Nígbà tí wọ́n fi wó o, ó ti gbó, kò sì sí iṣẹ́ kan gbòógì tó ń mú owó àtúnṣe wọlé fún un.

Ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀ hàn kedere. Ilé tó ní iṣẹ́ ní ẹni tó ń tún un ṣe. Ilé tó ní òfin láìní iṣẹ́ ní ìwé lásán. Èyí kò sọ pé òfin kò wúlò o. Ohun tí a ń sọ ni pé òfin gbọ́dọ̀ wá iṣẹ́ fún ohun tó fẹ́ dá sí.

6.0 Ohun tí Èdè Fi Ń Ṣọ́ Ìtàn

Bí a bá wo gírámà Yorùbá, a ó rí i pé èdè wa ti mọ ọ̀rọ̀ yìí tipẹ́. Ilé ìwé, ilé ìfowópamọ́, ilé ẹjọ́, ilé ìtajà: ‘ilé’ ni orí nínú àpólà orúkọ kọ̀ọ̀kan, iṣẹ́ tí ilé náà ń ṣe ni ẹ̀yán rẹ̀. Nígbà tí iṣẹ́ bá yípadà, ẹ̀yán nìkan ni a ń pààrọ̀. Àpẹẹrẹ tó dára jù ni ti Freedom Park. Bí a bá pe ibẹ̀ ní Ọgbà Òmìnira, orí kan náà ni a lò pẹ̀lú ọgbà ẹ̀wọ̀n. Ẹ̀yán ló yàtọ̀, ìyàtọ̀ náà sì ni gbogbo ìtàn ibẹ̀.

Orúkọ a tún máa pẹ́ ju ilé lọ. Láti 1959 ni Grammar School ti kúrò ní Broad Street, síbẹ̀ bí awakọ̀ bá ń pe èrò lónìí, “CMS” ni ó ń ké. Ọ̀pọ̀ ẹni tó ń sọ̀ kalẹ̀ níbẹ̀ kò mọ ohun tí lẹ́tà mẹ́ta náà dúró fún. Bákan náà ni Ẹ̀hìngbẹ̀tì, orúkọ àtijọ́ tí àwọn ará Èkó fi ń pe agbègbè Marina. Ètò ọrọ̀ ajé tí ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó ń ṣe àpérò lé lórí ló tún gbé orúkọ náà jáde fún ìran tuntun. Orúkọ tí ẹnikẹ́ni kò bá lè ṣàlàyé mọ́ ti wà lójú ọ̀nà ìparun.

7.0 Ìwúlò fún Olùkọ́

Kò di dandan kí akẹ́kọ̀ọ́ wà ní Èkó kí ó tó lè ṣe irú iṣẹ́ yìí. Kò sí ìlú Yorùbá tí kò ní òpópónà àárín ọjà. A dábàá ìgbésẹ̀ wọ̀nyí fún olùkọ́:

(i) Kí akẹ́kọ̀ọ́ yan òpópónà kan, kí wọ́n sì kọ orúkọ ilé mẹ́wàá àti iṣẹ́ tí à ń ṣe níbẹ̀ lónìí sílẹ̀.

(ii) Kí wọ́n bi àwọn àgbà àdúgbò léèrè pé, “Ẹ jọ̀ọ́, kí ni ẹ ń pe ibí yìí kí wọ́n tó kọ́ ilé yìí?” Ìdáhùn ẹni mẹ́ta ó kéré tán ni kí wọ́n gbà, kí wọ́n sì fi wé ọdún tó wà lára òkúta ìpìlẹ̀ bí ó bá wà.

(iii) Kí wọ́n tú orúkọ kọ̀ọ̀kan sí orí àti ẹ̀yán, kí wọ́n sì tọ́ka sí ọ̀rọ̀ àyálò, bí i pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, ṣọ́ọ̀bù àti báńkì.

(iv) Kí wọ́n fi ohun tí wọ́n rí kọ àròkọ aṣàpèjúwe, lẹ́yìn náà kí wọ́n kọ àròkọ aláríyànjiyàn lórí bóyá ó yẹ kí a wó ilé àtijọ́ kan pàtó tàbí kí a wá iṣẹ́ mìíràn fún un.

Ìgbésẹ̀ kejì ló ṣe kánjúkánjú jù. Òkúta ìpìlẹ̀ lè dúró de wa. Àgbà tó mọ orúkọ kò lè dúró títí láé.

8.0 Ìgúnlẹ̀

A ti fi hàn nínú iṣẹ́ yìí pé Broad Street ti yí láti ibi òwú àti epo sí ibi ìwé, láti ibi ìwé sí ibi owó, ó sì tún ti ń padà di ọjà. A fi ilé mẹ́ta ṣe àpẹẹrẹ pé iṣẹ́ ló ń dá ilé sí ju òfin lọ. A sì fi hàn pé nínú èdè ni ohun tó kù lẹ́yìn ilé ń gbé. Agbára láti dá ilé dúró lè má sí lọ́wọ́ olùkọ́ Yorùbá, ṣùgbọ́n orúkọ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Bí a kò bá kọ́ àwọn ọmọ wa láti kà á, yóò parẹ́ lójú wa, a kò sì ní rí ẹni tí a ó dá lẹ́bi.